Òòrẹ̀ Òkun Tí Mo Gbé Lọ sí Padova

Ẹni tó bá ti gbọ́ pé mo dé láti Itálì, ìbéèrè méjì ló máa ń bi mí. Èkíní, ṣé òtútù ibẹ̀ le tó bí wọ́n ṣe ń wí? Èkejì, ṣé lóòótọ́ ni àwọn òyìnbó ibẹ̀ ń jẹ ìgbín bíi tiwa? Bẹ́ẹ̀ ni mo máa ń fi dá wọn lóhùn sí méjèèjì. Kò tíì sí ẹni tó bi mí pé kí ló bà mí lẹ́rù, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rù ni mo bá gbé níbẹ̀, òun ni mo bá sùn, òun náà ni mo bá jí. Ojo ni mí. Màmá mi mọ̀, gbogbo àdúgbò wa ní Ẹ̀pẹ́ mọ̀ pé èmi Kàmórù ni ọmọ apẹja tí kì í jẹ́ kí omi kọjá orúnkún òun. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má retí akọni nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

Torino

Ìgbà òtútù ni mo dé Torino, láàárín àwọn ọdún 1990 sí 1999 yẹn. Bí mo ṣe jáde ní ibùdókọ̀ ojú irin, mo rí i tí èéfín ń jáde lẹ́nu gbogbo ènìyàn. Mo wo iwájú ẹnu tèmi, èéfín ń jáde níbẹ̀ náà. Mo rò pé nǹkan ti ń jó nínú mi.

Bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé, mo rí bàbá àgbàlagbà kan, mo tẹrí ba, mo kí i pé "Buongiorno." Bàbá náà yà bàrá kúrò lọ́nà, ó fi ọwọ́ méjèèjì di àpò rẹ̀ mú. Ẹ̀rù mi ló ń bà á! Èmi tí ìbẹ̀rù rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ mú kí n tọ̀ sára! Ọ̀rọ̀ náà ń pa mí lẹ́rìn-ín báyìí, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, mo fara ti ògiri, mo sì ń ronú bí mo ṣe máa padà sílé.

Kò sí bí mo ṣe lè padà. Ìwé ìgbélùú wọn, tí wọ́n ń pè ní permesso, kò sí lọ́wọ́ mi. Ẹni tí kò bá ní i, bó bá jáde kúrò nílùú wọn, kò lè wọlé mọ́. Bó bá sì dúró, ṣe ni yóò máa fara pamọ́ bí eku inú àjà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́ mo bá wọn ká èso ní Saluzzo. Ìgbàkúgbà tí ọkọ̀ ọlọ́pàá aláwọ̀ búlúù bá kọjá lójú títì, gbogbo wa á wọ abẹ́ igi lọ, àwa àti ará Sẹ̀nẹ̀gà àti ará Gánà, a ó sì máa wo ara wa lójú láìsọ̀rọ̀.

Ibi tí mo ti wá rí iṣẹ́ tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ díẹ̀ ni ọ̀dọ̀ Aldo. Ọkùnrin sísanra kan ni, irun àyà rẹ̀ ti funfun, ó ní ilé ìkẹ́rùsí kan lẹ́yìn ìlú Torino. Ẹja àti iyùn ló ń tà fún àwọn olówó tó ní àpótí gíláàsì ńlá nínú ilé. Mo mọ̀ pé ẹ ó ní iyùn ọrùn ìyàwó ni mò ń wí. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Àṣé ohun ẹlẹ́mìí ni iyùn, àwọn ẹranko kéékèèké tó ń kọ́lé òkúta lé ara wọn lórí nínú òkun gbígbóná títí á fi tó òkè. Nínú ihò òkè náà ni ẹja ń sùn, tí akàn ń sá sí.

Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Nínú àpótí kan ní igun ilé ni mo ti rí ohun dúdú roboto kan tí ẹ̀gún rẹ̀ gùn ju ìka ọwọ́ mi lọ. Kò lórí, kò nírù, ṣùgbọ́n nǹkan kan wà ní àtàrí rẹ̀ tó rí bí ẹyinjú pupa, ó sì ń wò mí. Aldo na ọwọ́ sí iwájú iná kí òjìji ọwọ́ rẹ̀ lè bọ́ sórí nǹkan náà. Lójú ẹsẹ̀ gbogbo ẹ̀gún náà yí sí ibi tí òjìji wà, ó nà wọ́n sí i bí ọ̀kọ̀. Mo fò sẹ́yìn, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ da garawa nù.

Riccio ni àwọn ará Itálì ń pè é. Èmi sọ ọ́ ní òòrẹ̀ òkun.

"Má sá fún un," ni Aldo wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Òun ló ń jẹ́ kí iyùn wà láàyè. Koríko omi ni oúnjẹ rẹ̀. O mọ bí koríko ṣe ń hù sára ọkọ̀ ojú omi tó ti pẹ́? Bẹ́ẹ̀ ló ń hù lórí iyùn. Bí kò bá sí ẹni tó ń jẹ ẹ́, á bo iyùn mọ́lẹ̀, kò ní jẹ́ kó rí oòrùn, á sì pa á."

"Nígbà náà kí wọ́n kó púpọ̀ síbẹ̀ nìyẹn, ọ̀gá."

"Kàmílò, o ò gbọ́." Kàmílò ló ń pè mí, mi ò sì lágbára láti tún un ṣe. "Bí wọ́n bá pọ̀ jù, wọ́n á jẹ koríko tán, wọ́n á wá kọjú sí òkúta iyùn fúnra rẹ̀. Eyín márùn-ún ló wà lábẹ́ ikùn wọn. Wọ́n á máa ha á títí á fi di iyanrìn."

Ó ní òun ti wẹ̀ nínú irú òkun bẹ́ẹ̀ nígbà tí òun wà léwe. Níbì kan, àwọn apẹja ti kó gbogbo ẹja tó máa ń pa òòrẹ̀ òkun jẹ, òòrẹ̀ wá kún ìsàlẹ̀ òkun bámúbámú, iyùn sì di jákujàku bí igi tí ikán jẹ. Ní ti òkun Kàríbíà, àìsàn kan ló wọ inú àwọn òòrẹ̀, ó pa wọ́n bí ẹni gbálẹ̀. Kò pẹ́ tí koríko fi bo iyùn ibẹ̀ mọ́lẹ̀. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ohun tó ń gbé òkun ró lè tinrín tó bẹ́ẹ̀.

Láàárín ìgbà náà ni ìjọba wọn kéde pé ọ̀gá tó bá lè fọwọ́ sí contratto, ìyẹn ìwé àdéhùn iṣẹ́, fún òṣìṣẹ́ rẹ̀, òṣìṣẹ́ náà lè gba permesso. Mo lọ bá Aldo, mo bẹ̀ ẹ́ kó fọwọ́ sí tèmi. Ó ronú, ó ní dókítà kan wà ní Padova, oníbàárà òun tó tóbi jù, koríko ti ń bo iyùn inú ilé rẹ̀. Ó ní kí n gbé òòrẹ̀ mẹ́rin lọ síbẹ̀, kí n dúró tì wọ́n títí dókítà àti ìyàwó rẹ̀ á fi ti etíkun dé ní ìparí oṣù Ògúsì.

"Bí iyùn náà bá yè, màá fọwọ́ sí i fún ọ," ni ó wí. "Bó bá kú, òwò tèmi náà kú nìyẹn, kò sí iṣẹ́ tí màá fi ìwé rẹ̀ lé ọ lọ́wọ́." Bí mo ṣe ń jáde, ó pè mí padà. "Má fún wọn ní oúnjẹ rárá. Ebi wọn ni iṣẹ́ wọn."

Nínú ọkọ̀ ojú irin

Ọkọ̀ Aldo dákú, ni mo bá di èrò ọkọ̀ ojú irin, àpótí fómù lórí itan mi, òòrẹ̀ mẹ́rin nínú omi. Ẹni tí kò níwèé kì í fẹ́ kí ènìyàn wo òun. Èmi wá gbé ẹrù tí gbogbo ayé á fẹ́ wò.

Bí a ṣe ń sún mọ́ Novara, omi tẹ́ rẹrẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin, ìrẹsì sì hù nínú rẹ̀. Mi ò mọ̀ pé òyìnbó ń gbin ìrẹsì. Bàbá arúgbó kan tó jókòó níwájú mi rí i pé ẹnu yà mí, ó bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní ará gúúsù ni òun, láti ìlú etíkun, ọ̀dọ̀ ọmọ òun ní Verona ni òun ń lọ, àwọn ará àríwá yìí kò sì mọ bí a ṣe ń kí ènìyàn. Mo fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó béèrè ohun tó wà nínú àpótí. Mo ṣí ìdérí díẹ̀.

"Ricci!" Ojú bàbá náà tàn. "Nílé wa, a máa ń là á, a ó fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, a ó sì fi búrẹ́dì họ ẹyin inú rẹ̀ jẹ ní tútù."

Mo yára da ìdérí bò ó. Bó bá jẹ òòrẹ̀ mi, permesso mi ló jẹ yẹn.

Ibi tí a ti ń sọ ọ́ ni ọlọ́pàá méjì ti wọlé láti ìdí ọkọ̀. Wọ́n gba iwájú gbogbo ènìyàn kọjá láìwo ẹnikẹ́ni, ojú wọn wà lára mi láti òkèèrè. Mo fẹ́ ka ẹsẹ Kúránì, gbogbo rẹ̀ pòórá lórí mi, àfi Bísímílà nìkan. Èyí àgbà nínú wọn dúró lé mi lórí. Ó ní kí n ṣí àpótí.

Mo ṣí i. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wò ó, òjìji fìlà rẹ̀ bọ́ sínú omi, gbogbo ẹ̀gún àwọn òòrẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yí pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n dojú kọ ọ́. Ọlọ́pàá náà ta sẹ́yìn, ó lu ẹnìkejì rẹ̀.

"Oúnjẹ alẹ́ mi nìyẹn!" ni bàbá arúgbó wí, ó bínú gidi. "Ọmọ yìí ló ń bá mi gbé e. Ṣé ẹ fẹ́ jẹ níbẹ̀ ni?"

Ẹnìkejì bú sẹ́rìn-ín. Èyí àgbà tún fìlà rẹ̀ ṣe, ojú ń tì í, ó sì wọ inú ọkọ̀ tó kàn lọ. Kò rántí ìwé mọ́. Mo tún da ìdérí bo àpótí. Bàbá náà kò bi mí ní ohunkóhun. Ó mú búrẹ́dì jáde, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ wà láàárín rẹ̀. Ẹ̀rù tún bà mí pé bí mo bá kọ̀ ọ́, inú á bí ẹni tó gbà mí là. Mo ṣàlàyé pé Mùsùlùmí ni mí. Ó yọ ẹran náà jẹ, ó wá fa búrẹ́dì tí kò kan ẹran ya fún mi láti ìdí. A jẹun títí dé Verona, ibẹ̀ ló ti sọ̀ kalẹ̀ láìbéèrè orúkọ mi.

Padova

Bí ẹ bá dé ìlú òyìnbó yẹn nínú oṣù Ògúsì, ẹ ó rò pé ogun ló kó wọn. Ìsọ̀ tì, fèrèsé tì, ẹsẹ̀ ara mi ni mò ń gbọ́ lábẹ́ àwọn ọ̀dẹ̀dẹ̀ olókùúta wọn. Mo dé ilé dókítà, mo tẹ aago. Obìnrin dúdú kan tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún yọjú, ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ṣé ọmọ káàárọ̀-o-ò-jíire ni ọ́?"

Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀, àpótí wà lọ́wọ́ mi, omi òkun dà sí mi láyà. "Ẹ kú ilé, mà."

"Rọra o, má pa ara rẹ. Wọlé."

Ìyá Bọ́lá ni orúkọ wọn, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, oníjọ àdúrà gbígbóná. Àwọn ló ń tọ́jú màmá dókítà, ìyá arúgbó kan tó jókòó sórí àga onítáyà níwájú àpótí gíláàsì láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Ìyá náà kì í sọ̀rọ̀. Ó wò mí, ó sì tún kọjú sí àpótí. Mo wo ibi tó ń wò, inú mi bà jẹ́. Koríko ti bo iyùn bí aṣọ. Níbi tí àwọ̀ osùn àti àwọ̀ èlùbọ́ ṣì kù díẹ̀, ṣe ló dà bí ẹni tó ń fi imú mí lábẹ́ omi.

Mo kó àwọn òòrẹ̀ sínú rẹ̀. Wọ́n rìn lọ sínú ihò òkúta, ẹ̀gún wọn nìkan ló yọ síta. Àṣà wọn ni, wọn kì í jẹ̀ lójú ìmọ́lẹ̀. Mo ní ó di dandan kí n bá iṣẹ́ nílẹ̀ láàárọ̀.

Mi ò bá nǹkan kan nílẹ̀. Ọjọ́ ń gorí ọjọ́, koríko ń le sí i. Ìyá Bọ́lá á ro polenta, ìyẹn túwó àgbàdo tiwọn, á fi ọbẹ̀ ata tì í. Mi ò lè gbé e mì. Mo ń rí ara mi lábẹ́ igi ní Saluzzo títí irun á fi funfun lórí mi. Mo ń rí màmá mi ní Ẹ̀pẹ́ tí wọ́n ń sọ fún un pé ọmọ rẹ kò ní lè wá.

"Kí ló ń ṣe ọ́?" ni Ìyá Bọ́lá ń bi mí.

"Kò sí, mà."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo kírun Àlàásárì tán nínú yàrá, mo jáde. Mo rí Ìyá Bọ́lá lórí àpótí ìjókòó, ewé insalata tí wọ́n máa ń jẹ ní tútù lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ wọ inú omi ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń ti ewé náà mọ́ ẹnu ihò àwọn òòrẹ̀ pẹ̀lú ṣíbí onígi. Ìyá arúgbó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ lórí àga.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà! Kí lẹ ń ṣe yẹn?"

"Oúnjẹ ni mo fún wọn. Láti ọjọ́ tí o ti kó wọn dé, mi ò rí i kí o fi nǹkan kan sí wọn lẹ́nu. Ṣé ẹ̀mí kọ́ ni?"

"Ọ̀gá mi ní ká má fún wọn, mà."

"Òyìnbó ló sọ bẹ́ẹ̀. Nílé bàbá mi, ewúrẹ́ tí a ó pa lọ́la, à ń fún un ní èèpo iṣu lónìí. Mamma yìí kì í jẹ ewé rẹ̀ tán, mi ò sì lè da oúnjẹ nù nígbà tí ebi ń pa ẹlẹ́mìí nínú ilé. Ìwọ ọmọ Mùsùlùmí, kò sí nínú tiyín ni?"

Ilé tí wọ́n ti tọ́ mi dáadáa, wọn kì í fún àgbà lófin níwájú ìkòkò oúnjẹ. Mo kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ táìlì, mo sì sọ ọ́ fún wọn ní tòótọ́: pé bí àwọn òòrẹ̀ bá ti yó, wọn kò ní jẹ koríko mọ́, pé ewé tó ṣẹ́kù á jẹrà, á di ajílẹ̀ fún koríko náà, pé bí koríko bá pa iyùn, permesso mi ti bọ́ nìyẹn. Ibẹ̀ ni ẹkún ti gbọ̀n mí.

Ìyá Bọ́lá sọ̀ kalẹ̀, wọ́n jókòó.

"Ṣé o rò pé tìẹ nìkan ni?" ni wọ́n wí. "Èmi náà ò ní permesso o. Láti ìgbà tí mo ti wọ ilé yìí, chiesa, ṣọ́ọ̀ṣì wọn, àti ìsọ̀ búrẹ́dì nìkan ni mo mọ̀. Bọ́lá ti bímọ méjì, fótò wọn ni mo ń rí. Bí Mamma yìí bá kú láàárọ̀ ọ̀la, òde ni mo wà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bọ́ gbogbo nǹkan nínú ilé yìí, kí ohunkóhun má baà kú lọ́wọ́ mi."

Mi ò mọ̀ pé àgbà lè bẹ̀rù tó bẹ́ẹ̀. Mo ti rò pé èmi ni olórí ojo.

Láti ọjọ́ náà wọn kò fún àwọn òòrẹ̀ ní nǹkan kan mọ́. Ṣùgbọ́n bó bá ti di àsìkò oúnjẹ, Ìyá Bọ́lá á mú ìró wọn, wọ́n á fi bo gíláàsì náà láti òkè délẹ̀, nítorí pé a kì í jẹun lójú ẹni tí ebi ń pa. Ìyá arúgbó á bínú pé wọ́n dí òun lójú. Bí a bá jẹun tán, wọ́n á ká ìró kúrò, wọ́n á ní, "Ẹ má bínú o."

Ebi wá ṣiṣẹ́ rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo rí òkúta funfun yí ẹnu ihò kọ̀ọ̀kan ká, ibi tí wọ́n jẹ mọ́ rí roboto. Ní ọjọ́ kejì ó fẹ̀ sí i. Iyùn bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ẹnu kéékèèké rẹ̀ jáde. Mo yọ̀ títí koríko fi tán pátá, tí mo sì gbọ́ ìró kan bí ẹni ń fi eyín ha àwo. Àwọn òòrẹ̀ ti kọjú sí òkúta iyùn. Mo yára fi ṣíbí onígi kó méjì kúrò sínú garawa omi òkun, ẹ̀gún kan sì ṣẹ́ sí mi nínú àtàńpàkò, ó ta mí bí agbọ́n. Àwọn méjì inú garawa wà ní ìsinmi, Ìyá Bọ́lá sì lè fún wọn ní ewé bó ṣe wù wọ́n. Mi ò rí i kí inú màmá náà dùn tó bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí mo ti débẹ̀.

Ọjọ́ tí dókítà dé

Dókítà àti ìyàwó rẹ̀ ti etíkun dé, oòrùn ti sun wọ́n pupa. Dókítà kò tíì bọ́ bàtà tó fi lọ dúró níwájú gíláàsì. Mo wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ nìkan ni mò ń wò, mi ò lè mọ ohun tó ń rò. Nígbà tó yíjú, omi wà lójú rẹ̀. Ó pe Aldo lórí fóònù níbẹ̀, ó yìn mí, Aldo sì ní kí n wá fọwọ́ sí contratto bí mo bá ti padà dé.

"Kàmílò," ni dókítà wí, ó gbá mi léjìká, "èmi náà fẹ́ fún ọ ní nǹkan. Sọ ohun tó wù ọ́."

Aago ọwọ́ ló ń retí kí n sọ, tàbí bàtà. Ìyá Bọ́lá wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àwo kọfí. Wọ́n ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo mọ òwe náà dáadáa, mo sì gbọ́ tí ẹnu mi ń sọ pé: "Ẹ jọ̀ọ́, dottore, ẹ fọwọ́ sí contratto fún màmá yìí."

Ìyàwó dókítà wo ilẹ̀. Ìyá Bọ́lá dúró lójú kan pẹ̀lú àwo kọfí náà.

"Bola?" Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe Ìyá Bọ́lá nínú ilé náà. Dókítà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀. "Ará ilé wa mà ni Bola. Kí ni ará ilé fẹ́ fi contratto ṣe?"

Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lórí fóònù. Mo rí i lọ́kàn mi bó ṣe ń pe Aldo padà, tó ń sọ pé aláfojúdi ni mí, tí permesso mi ń lọ bí èéfín. Mo fẹ́ sọ pé ẹ má bínú, eré ni mò ń ṣe.

"Firma."

Kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó sọ̀rọ̀. Dókítà yíjú sí àga onítáyà. Ìyá rẹ̀ kò wo gíláàsì mọ́, òun ló ń wò. Ó fi ọwọ́ gbá apá àga.

"Mamma, a ó sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ tó bá yá."

"Fọwọ́ sí i," ni ìyá náà tún wí.

Ọkùnrin tó tó bẹ́ẹ̀, tí gbogbo Padova ń pè ní dottore, ó tẹrí ba bí ọmọ tó jalè ẹran nínú ọbẹ̀. Ó ní òun á ra fọ́ọ̀mù láàárọ̀. Ìyá rẹ̀ ní kó kọ́kọ́ kọ ọ́ sínú ìwé èyíkéyìí níbẹ̀, níṣojú gbogbo wa. Ìyá Bọ́lá gbé àwo sílẹ̀, wọ́n kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga náà. Dókítà ń wá pẹ́ẹ̀nì nínú àpò ẹ̀wù, nínú àpò ṣòkòtò, lórí tábìlì. Mi ò mí títí ó fi rí i.